Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ààbò Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́ Ńlá

Lóṣù yìí, àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní yunifásítì àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló kọ̀wé sí wa jù lọ, àwọn ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti ń lo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan ṣoṣo. A da àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé-ẹ̀kọ́ wa kò pín rárá: akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, ọ́fíìsì owó, kámẹ́rà, ojú kan náà ni gbogbo wọn wà. Àwọn aláṣẹ ti ṣe tán láti ra firewall ńlá kan (ẹ̀rọ tó ń yẹ ohun tó ń kọjá wò, tó sì ń dí èyí tí kò yẹ) sí ẹnu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Firewall ẹnu ọ̀nà dára, ṣùgbọ́n ohun tó bá gba ẹnu ọ̀nà kọjá nìkan ló ń rí. Bí kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti kó kòkòrò bá ń kanlẹ̀kùn kọ̀ǹpútà akápò láti inú swíìṣì kan náà (àpótí tí wáyà àwọn kọ̀ǹpútà ti ń pàdé), firewall yín kò ní gbọ́ nǹkan kan. Báńkì lè sọ pé ẹ̀rọ tí òun kò fi owó òun rà kò gbọdọ̀ wọlé. Ilé-ẹ̀kọ́ kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Fóònù àti kọ̀ǹpútà tí ẹ ò mọ ọwọ́ tó kàn wọ́n lánàá ló ń wọlé láràárọ̀. Ẹ kúkú gbà pé ọ̀kan nínú wọn ti bàjẹ́ lónìí, kí ẹ wá ṣètò kí ìbàjẹ́ ọ̀hún má lè rìn jìnnà. Ẹni tó ra firewall ẹnu ọ̀nà tó fi inú sílẹ̀ gbayawu, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá.

Kí ẹ tó pín ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ má rán èèyàn kiri pẹ̀lú bébà àti bírò, torí àwọn swíìṣì àti ráútà yín ti mọ ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kí sáfà kan máa fi SNMPv3 (ọ̀nà tí a ń gbà bi ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì léèrè ọ̀rọ̀) gba tábìlì MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan àti ihò tó wà) lọ́dọ̀ gbogbo swíìṣì àti tábìlì ARP (MAC tó ní àdírẹ́ẹ̀sì IP kọ̀ọ̀kan) lọ́dọ̀ ráútà ní gbogbo ìṣẹ́jú 10 sí 15, kó sì máa tọ́jú wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ó ti mọ ẹ̀rọ tó wà ní ihò kọ̀ọ̀kan nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àkọsílẹ̀ DHCP (ètò tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì IP fún ẹ̀rọ) kún un, kí ẹ wá fi Nmap, ètò tó ń kanlẹ̀kùn ẹ̀rọ láti mọ ohun tó jẹ́, wo èyí tó ṣẹ́kù. Ẹ rọra o, bó bá kan ẹ̀rọ yàrá ìwádìí tàbí ẹ̀rọ tó ń darí amúlétutù ilé: àwọn míì nínú wọn máa ń kú fin-ín bí ẹ bá kan pọ́ọ̀tì (ilẹ̀kùn onínọ́ńbà tí ètò inú ẹ̀rọ ń gbà bá òde sọ̀rọ̀) tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó níye lórí jù nínú gbogbo àkọsílẹ̀ yìí ni orúkọ ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí kò ní olówó kò ní ẹni tí yóò tún un ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi VLAN (nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó dá dúró lórí àwọn swíìṣì kan náà) pín nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà gẹ́gẹ́ bí irú ẹ̀rọ, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ilé nìkan. Ìpín méje tó láti bẹ̀rẹ̀: òṣìṣẹ́; akẹ́kọ̀ọ́ àti àlejò; sáfà; púríńtà; kámẹ́rà pẹ̀lú ẹ̀rọ ilẹ̀kùn; ẹ̀rọ yàrá ìwádìí; àti ojú ìṣàkóso àwọn swíìṣì fúnra wọn. Ìpín àdírẹ́ẹ̀sì tí a ń kọ ní /24 ń gba ẹ̀rọ 254, /22 ń gba 1,022. A kì í gbà yín níyànjú láti kọjá /22 lórí Wi-Fi, torí ariwo tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń pa sí gbogbo èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àkókò afẹ́fẹ́. Bí ẹ̀rọ 4,000 bá wà ní ilé-ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, ẹ pín wọn sí /22 mẹ́rin, ó kéré tán.

Ojú ìṣàkóso swíìṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé. Ẹni tó bá gba swíìṣì ti gba gbogbo nǹkan, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé ẹ gbé e. Kámẹ́rà àti púríńtà ló tẹ̀ lé e. Sáfà ni kó gbẹ̀yìn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n pín VLAN tán kí ráútà sì máa gbé gbogbo nǹkan láti ọ̀kan sí èkejì láìsí òfin kankan. Ìyẹn kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, ó kàn to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ ni. Òfin gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ka àkọsílẹ̀ náà, ẹ kọ òfin fún ohun tó yẹ, kí ẹ tó dí èyí tó kù. Kí àkókò ìkọsílẹ̀ yìí kọjá òpin oṣù kan, ó kéré tán. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó, torí iṣẹ́ owó oṣù máa ń bá sáfà tí kò bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo lóṣù, ọjọ́ tí ẹ̀yin náà kò ní fẹ́ kí nǹkan dúró.

Àwọn nǹkan kan á bàjẹ́ lọ́nàkọnà. Púríńtà tí fóònù ń fi mDNS (ìkéde tí ẹ̀rọ fi ń wá ara wọn nítòsí) rí yóò pòórá, torí mDNS kì í ré kọjá VLAN. Ẹ jẹ́ kí títẹ̀wé gba ọ̀dọ̀ sáfà púríńtà. Ẹ̀rọ ilẹ̀kùn tí ẹnì kan fọwọ́ tẹ àdírẹ́ẹ̀sì IP sí lọ́dún gbọọrọ sẹ́yìn yóò dákẹ́, ẹ ó sì rí i pé páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ti bá ẹni náà lọ sí ibi iṣẹ́ míì. Ilé kan ṣoṣo ni kí ẹ máa gbé lálẹ́ ọjọ́ kan.

ÌBÉÈRÈ: Ní hostẹ́ẹ̀lì wa, íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kú lójijì fún àwọn kan, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn míì. Àwọn tó kú fún máa ń ní àdírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, èyí tí àwa kì í lò rárá. Ṣé wọ́n ti wọlé sí wa lára ni?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ohun tó sábà máa ń jẹ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ráútà kékeré wá láti ilé, ó sì ki wáyà ògiri bọ ihò LAN (ti ẹ̀rọ inú ilé) dípò ihò WAN (ti íntánẹ́ẹ̀tì). Ráútà náà ti wá ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún gbogbo ilé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ṣáájú ti sáfà yín ni yóò bá a lọ. Olè pẹ̀lú lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, kó sọ ara rẹ̀ di ọ̀nà àbájáde kó sì máa ka ohun tó ń kọjá. Oògùn kan náà ló wà fún méjèèjì.

DHCP snooping ni, ètò inú swíìṣì tó ń ṣọ́ ẹni tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì. Ẹ tàn án lórí swíìṣì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kiwáyà bọ̀, kí ẹ sọ ihò tó lọ sókè sí sáfà yín nìkan di ẹni ìgbẹ́kẹ̀lé. Ihò yòókù lè béèrè àdírẹ́ẹ̀sì, kò lè pín in. Ẹ fi gbèdéke 15 ìbéèrè láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ihò kọ̀ọ̀kan.

Ibi mẹ́ta ló ti máa ń dójú tini. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá gbàgbé láti fọkàn tán ihò òkè, nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí gbogbo èèyàn ṣì ní àdírẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́. Ẹ ó lọ sùn pẹ̀lú ayọ̀. Ìgbà tí àkókò àdírẹ́ẹ̀sì wọn bá tán ni ilé náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yin á sì máa wá ẹ̀bi níbòmíràn. Èkejì, swíìṣì míì máa ń fi àmì Option 82 (tó ń sọ ihò tí ìbéèrè ti wá) kún ìbéèrè, ráútà tàbí swíìṣì tó wà lókè á sì sọ ìbéèrè náà nù bí wọn kò bá ní kó gbà á. Ẹ pa àmì náà tàbí kí ẹ sọ ibẹ̀ náà di ẹni ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹ̀kẹta, inú mẹ́mọ́rì ni tábìlì ẹni tó ní àdírẹ́ẹ̀sì wà. Bí iná bá lọ, ó ti lọ. Ẹ ní kó máa tọ́jú rẹ̀ sí sáfà kan, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ tan Dynamic ARP Inspection (tó ń dí ẹ̀rọ tó bá ń fi àdírẹ́ẹ̀sì ẹlòmíì purọ́) tẹ̀ lé e, torí tábìlì yẹn ni ìyẹn ń wò. Ẹ̀rọ tí ẹ fọwọ́ tẹ àdírẹ́ẹ̀sì sí kò sí nínú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ wọn síbẹ̀ ṣáájú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọn ni yóò kọ́kọ́ kú.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ tan BPDU guard náà, èyí tó ń ti ihò tó bá gbọ́ àmì swíìṣì pa. Wáyà kan tí ẹnì kan ki orí méjèèjì rẹ̀ bọ ògiri lè dá gbogbo ilé dúró.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Bí mo bá ń wọ Wi-Fi ilé-ẹ̀kọ́, fóònù mi máa ń béèrè bóyá mo gba ìwé-ẹ̀rí kan gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ni mo máa ń tẹ̀. Ṣé kò léwu?

ÌDÁHÙN: Ó léwu. Ẹnikẹ́ni lè gbé ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré sínú báàgì, kó fún un ní orúkọ Wi-Fi ilé-ẹ̀kọ́ yín, kó jókòó sí ilé ìkàwé. Ìwé-ẹ̀rí yẹn ló ń fi sáfà ilé-ẹ̀kọ́ hàn yàtọ̀ sí ti olè. Bẹ́ ẹ bá tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìwò ó, ohun tí fóònù yín yóò fi ránṣẹ́ lè tó fún olè náà láti rí páásíwọ́ọ̀dù yín. Ọ̀nà ìwọlé tí wọ́n ń pè ní MSCHAPv2, tó ṣì wọ́pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, làwọn èèyàn ti fi hàn ní 2012 pé a lè fọ́ bẹ́ẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù yẹn kan náà ló sì sábà máa ń ṣí ímeèlì àti èsì ìdánwò yín.

Ẹ pa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà rẹ́ lórí fóònù. Ẹ gba ètò tó ń to Wi-Fi láti ojú-ewé ilé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ fi dátà yín gbà á, kì í ṣe Wi-Fi ọ̀hún. Bí kò bá sí, ẹ béèrè ohun méjì lọ́dọ̀ ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà: orúkọ sáfà RADIUS wọn (sáfà tó ń yẹ orúkọ ìwọlé wò) ní kíkún àti ilé-iṣẹ́ tó fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ tẹ méjèèjì sínú ètò Wi-Fi fóònù yín. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ìbéèrè náà bá tún jáde, ẹ kọ̀ ọ́, kí ẹ fi tó ọ́fíìsì létí.

Ẹ̀yin alábòójútó náà ní ẹ̀bi tiyín níbẹ̀. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ìwé-ẹ̀rí láìkéde, ẹ̀ ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti máa tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ máa lọ ni EAP-TLS, níbi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti ní ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ tí kò sì sí páásíwọ́ọ̀dù kankan láti jí. Ó bá eduroam, Wi-Fi àjùmọ̀lò àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga káàkiri ayé, mu pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀rọ ìwádìí kan wà ní láàbù wa tí kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ ń lo Windows 7. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní àwọn kò ní gbé e kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀gá láàbù ò sì gbà kí a gé e kúrò lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá náà ò jẹ̀bi. Ẹ̀rọ yẹn lè ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, nígbà tí Microsoft ti ṣíwọ́ àtúnṣe Windows 7 ní January 14, 2020, tí wọ́n sì ti ṣíwọ́ ti Windows 10 ní October 14, 2025. Ohun kan náà yóò tún ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di ètò dípò kí ẹ máa bínú sí i.

VLAN tirẹ̀ ni kó wà. Kó má rí íntánẹ́ẹ̀tì, kí kọ̀ǹpútà míì má rí i. Sáfà fáìlì kan ṣoṣo ni kó lè bá sọ̀rọ̀: kó gbé èsì ìwádìí síbẹ̀, kí àwọn olùwádìí wá mú un níbẹ̀. Kí sáfà fáìlì yẹn jẹ́ tuntun, kó sì máa yẹ fáìlì wò kí ó tó gbà á. Ìṣòro kan wà: Windows àtijọ́ sábà máa ń fẹ́ ẹ̀yà 1 SMB, ọ̀nà tí Windows ń gbà pín fáìlì. Ẹ má tan ẹ̀yà 1 lórí sáfà fáìlì gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ nítorí ẹ̀rọ kan. Kòkòrò WannaCry fi àléébù ẹ̀yà yẹn rìn káàkiri ayé láti May 12, 2017, gba pọ́ọ̀tì 445, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti March. Windows 7 mọ SMB 2.1, nítorí náà ẹ dán ìyẹn wò ná. Bí ó bá jẹ́ Windows XP, ẹ lo sáfà kékeré tó dá wà, tí kò ní iṣẹ́ míì.

Bí ẹ bá ti dí íntánẹ́ẹ̀tì, USB ni wọn yóò máa lò. Ọ̀nà tí kòkòrò yóò gbà wọlé nìyẹn. Bí sáfà fáìlì náà bá yá, wọn kò ní wá USB; bó bá falẹ̀, kò sí òfin tí wọn kò ní rú. Ẹ ṣe ẹ̀dà odindi dísìkì kọ̀ǹpútà náà, ẹ tọ́jú méjì, kí ẹ dán an wò lórí dísìkì míì. Nínú àdéhùn ríra ẹ̀rọ tó ń bọ̀, ẹ kọ iye ọdún tí olùtajà gbọ́dọ̀ fi máa ṣe àtúnṣe sí i kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé púríńtà àti kámẹ́rà tiẹ̀ tó ohun tí à ń bẹ̀rù?

ÌDÁHÙN: Ó tó. Ní March 2016, púríńtà àwọn yunifásítì mélòó kan ní Amẹ́ríkà dédé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìkórìíra jáde, torí pọ́ọ̀tì 9100 wọn, tí wọ́n fi ń gba iṣẹ́ títẹ̀, ṣí sílẹ̀ sí gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni kò já páásíwọ́ọ̀dù kankan. Lọ́dún yẹn kan náà ni kòkòrò Mirai kó kámẹ́rà àti ráútà lẹ́rú, ó kàn ń dán páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ta ẹ̀rọ láti ilé-iṣẹ́ wò ni, gba Telnet (ọ̀nà àtijọ́ tí a ń gbà wọ inú ẹ̀rọ láti òkèèrè). Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Rutgers, ó sì ti kọlu nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé-ẹ̀kọ́ ara rẹ̀ léraléra. Ẹ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù àti orúkọ SNMP tó ń jẹ́ public, ẹ pa Telnet, kí ẹ jẹ́ kí sáfà púríńtà nìkan lè kan 9100.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n kọ̀wé sí wa láti òde pé àdírẹ́ẹ̀sì wa kan ń kọlu àwọn. A wo àkọsílẹ̀ wa títí, a ò rí ẹni náà. Ẹ̀rọ tó lé ní 3,000 ló ń fi àdírẹ́ẹ̀sì yẹn jáde.

ÌDÁHÙN: Lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́tà ẹ̀sùn kì í ní ohun tẹ́ ẹ nílò nínú. Ẹ béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ wọn: àdírẹ́ẹ̀sì yín, pọ́ọ̀tì tí ó fi jáde, àkókò dé ìṣẹ́jú-àáyá, àti àgbègbè àkókò tí aago wọn ń tẹ̀ lé. Láìsí pọ́ọ̀tì, 3,000 èèyàn ni ẹ̀ ń fẹ̀sùn kàn.

Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti wà, ọ̀nà náà tààrà ni. Àkọsílẹ̀ NAT (ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ púpọ̀ fi àdírẹ́ẹ̀sì òde kan jáde) yóò fún yín ní àdírẹ́ẹ̀sì abẹ́lé. Àkọsílẹ̀ DHCP á sọ MAC tó ní in ní àkókò yẹn. Àkọsílẹ̀ RADIUS á sọ orúkọ tí ẹ̀rọ náà fi wọlé, tàbí kí swíìṣì sọ ihò ògiri rẹ̀. Ẹ má fi MAC nìkan mú èèyàn: láti Android 10 àti iOS 14 ni fóònù ti ń dá MAC ìrọ́ lò lórí Wi-Fi. Orúkọ ìwọlé ni ẹ̀rí.

Ohun tó sábà máa ń já okùn yìí ni aago. Bí firewall bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yàtọ̀ sí sáfà DHCP, tí àkókò àdírẹ́ẹ̀sì lórí Wi-Fi sì jẹ́ wákàtí kan, aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ni ẹ ó mú. Kí gbogbo ẹ̀rọ gba aago lọ́dọ̀ sáfà NTP (sáfà aago) méjì tàbí mẹ́ta tiyín, kí wọ́n sì máa kọ àkọsílẹ̀ ní UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé.

Àkọsílẹ̀ NAT máa ń pọ̀ dé ibi tí dísìkì ò ti gbà á mọ́. Ẹ pín pọ́ọ̀tì ní ìdìpọ̀: bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bá gba pọ́ọ̀tì 512, àdírẹ́ẹ̀sì òde kan yóò tó ẹ̀rọ 126, ìlà kan ṣoṣo ni ẹ ó sì máa kọ fún ìdìpọ̀ kan dípò ìlà kan fún ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ 3,000 nílò àdírẹ́ẹ̀sì 24, bí gbogbo wọn bá wọlé pọ̀. Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, àyàfi bí òfin ilẹ̀ yín bá sọ òmíràn, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tó láṣẹ láti ṣí i sílẹ̀. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ lórí ayélujára kì í ṣe ohun tí gbogbo òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ lè máa kà fún fàájì.

Ó tún lè má jẹ́ ènìyàn rárá. Ẹ wò ó bóyá sáfà DNS (tó ń sọ orúkọ ojú-ewé di àdírẹ́ẹ̀sì) tàbí NTP yín ń dá àwọn ará ìta lóhùn. Olè á fi àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tó fẹ́ ṣe níbi béèrè ìbéèrè kékeré, sáfà yín á sì da ìdáhùn ńlá lu onítọ̀hún. Àṣẹ monlist inú NTP àtijọ́ lè sọ ọ́ di ìlọ́po 500 àti jù bẹ́ẹ̀. Kí sáfà DNS tó ń wá orúkọ kiri má dáhùn ju àdírẹ́ẹ̀sì yín lọ. Ní ráútà ẹnu ọ̀nà, ẹ dí ohunkóhun tó bá ń jáde pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í ṣe tiyín. Láti 2000 ni ìmọ̀ràn BCP 38 ti sọ èyí.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá wa ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ní ọgbọ̀n ọjọ́ ọgbọ̀n ọjọ́. Ṣé ó dára?

ÌDÁHÙN: Kò dára. Wọn yóò kàn máa pààrọ̀ nọ́ńbà tó wà ní ìparí rẹ̀ ni. NIST, àjọ ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ ní 2017 pé kí a má fi dandan pààrọ̀ rẹ̀ àyàfi bí àmì bá wà pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Páásíwọ́ọ̀dù gígùn, pẹ̀lú ẹ̀rí kejì (ohun míì tí èèyàn fi ń fi ara rẹ̀ hàn, yàtọ̀ sí páásíwọ́ọ̀dù), ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rí kejì tí èèyàn kàn ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni sí lórí fóònù kò tó: olè á rán ìbéèrè náà ní ogún ìgbà lóru títí ẹni náà á fi tẹ̀ ẹ́ kó lè sùn. Kí ó jẹ́ èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ nọ́ńbà tó rí lójú kọ̀ǹpútà. Fún àwọn alábòójútó àti akápò, ẹ ra kọ́kọ́rọ́ FIDO2 (ẹ̀rọ kékeré tí èèyàn fi ń fi ara rẹ̀ hàn bó bá ń wọlé), méjì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀kan á sọnù. Ẹ pa IMAP àti POP (ọ̀nà àtijọ́ láti gba ímeèlì) tó ń gba páásíwọ́ọ̀dù lásán; àìṣe bẹ́ẹ̀, olè á gba ẹ̀yìn kọjá níbi tí wọn kò ti ní béèrè ẹ̀rí kejì.

Bí ímeèlì ẹ̀tàn bá mú ẹnì kan, pípààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù nìkan kò lé olè jáde. Ẹ fòpin sí gbogbo ìwọlé tó ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ẹ wo bóyá òfin kan wà nínú ímeèlì rẹ̀ tó ń darí lẹ́tà lọ síta tàbí tó ń pa èyí tó bá ní ọ̀rọ̀ owó nínú rẹ́. Ẹ wo fóònù tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rí kejì, ẹ wo ètò tó gba àṣẹ láti ka àpótí náà. Ibi mẹ́ta yìí ni olè máa ń fara pamọ́ sí lẹ́yìn tí ẹ bá ti rò pé ó ti lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀dà ìpamọ́ wa wà lórí sáfà ńlá kan tó ń ṣiṣẹ́ lóròòru. Ṣé ọkàn wa lè balẹ̀ nítorí ransomware, kòkòrò tó ń ti fáìlì pa kí olè lè gba owó?

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè kan ni kí ẹ bi ara yín: ẹni tó bá gba páásíwọ́ọ̀dù alábòójútó àgbà yín, ṣé ó lè pa ẹ̀dà náà rẹ́? Bó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní ẹ̀dà.

Ẹ wo yunifásítì Maastricht ní Netherlands. Ímeèlì ẹ̀tàn ni olè gbà wọlé ní October 2019. Wọn ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu fún oṣù méjì, wọ́n kàn ń rìn káàkiri títí wọ́n fi di alábòójútó. Ní December 23, nígbà tí ọlidé ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti sáfà 267 pa, àwọn tó ní ẹ̀dà ìpamọ́ àwọn iṣẹ́ pàtàkì kan sì wà lára wọn. Yunifásítì náà san bitcoin 30. Bí a bá dá wọn lẹ́bi, a ó dá ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́bi, torí bí tiwọn ṣe rí ni ti ọ̀pọ̀ ṣe rí.

Ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun èlò méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn: òfin àtijọ́ nìyẹn. Ẹ fi ọ̀kan kún un tí ẹnikẹ́ni kò lè yí padà fún ọgbọ̀n ọjọ́, tàbí téèpù tí ẹ yọ kúrò nínú ẹ̀rọ. Kí sáfà ẹ̀dà má sí nínú Active Directory yín (ètò Microsoft tó ń tọ́jú orúkọ ìwọlé gbogbo èèyàn). Kó ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí kejì. Kí òun máa lọ fa dátà, kí àwọn sáfà yòókù má lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Nítorí oṣù méjì tí a sọ lókè yìí, ẹ tọ́jú ẹ̀dà oṣooṣù fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, kí ẹ lè rí èyí tó ṣáájú ìgbà tí olè wọlé.

Ẹ wá ṣírò ìgbà tí yóò gbà láti dá a padà. Dátà 40 TB lórí wáyà 1 Gbit/s yóò gba nǹkan bíi wákàtí 89 bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́. Lórí 10 Gbit/s, wákàtí mẹ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni kò ṣírò rẹ̀ rí. Ẹ kọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dìde sílẹ̀ pẹ̀lú: DNS, Active Directory, DHCP, ètò ìwọlé, lẹ́yìn náà owó oṣù àti àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá gbé owó oṣù dìde ṣáájú ètò ìwọlé, kò sí ẹni tí yóò lè ṣí i. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ mú sáfà kan tó ṣe gúnmọ́, kí ẹ dá a padà pátápátá sí ibi tó dá wà, kí ẹni tó ni iṣẹ́ náà ṣí i kó sì sọ bóyá ó pé.

ÌBÉÈRÈ: Bí mo bá rí kọ̀ǹpútà tí fáìlì rẹ̀ ń yí orúkọ padà lójú mi, ṣé kí n pa á?

ÌDÁHÙN: Ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀, ẹ pa Wi-Fi rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má pa kọ̀ǹpútà náà. Ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì rẹ̀, títí kan kọ́kọ́rọ́ tí kòkòrò náà ń lò nígbà míì, yóò lọ bí iná bá kúrò. Àyàfi bí ẹ ò bá rí ọ̀nà àtigé e kúrò lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì: nígbà yẹn, ẹ fa iná yọ. Ẹ ya fọ́tò ohun tó wà lójú rẹ̀. Ẹ má fi orúkọ alábòójútó wọ inú rẹ̀ láti lọ wò ó, torí ohun tí olè ń dúró dè gan-an nìyẹn.

Kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àṣẹ láti gé odindi ilé kan kúrò láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí àṣẹ náà sì wà ní àkọsílẹ̀. Kí nọ́ńbà fóònù àwọn tí wọn yóò pè wà lórí bébà, nínú dúrọ́ọ̀ àti nílé wọn, torí ímeèlì yóò ti kú, fóònù orí tábìlì tó ń gba nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan náà yóò sì ti bá a kú.